Ìgbín Alhaja Nínú Tírélà Wúlẹ̀mọ̀tù

Iṣẹ́ kíka àwọn ọmọ ènìyàn ni mò ń ṣe fún ìjọba ní Suitland, ní Maryland, Amẹ́ríkà. Láàárọ̀ ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni mo máa ń wò títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti ka ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo tó yà á lẹ́nu. Èmi Jẹ̀lílì ti rò bẹ́ẹ̀ nípa ara mi. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ń fi nǹkan han ẹni tó bá gbọ́n lójú ara rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007. Mọ́sálásí wa ní Clinton ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun, kápẹ́ẹ̀tì tí a máa tẹ́ síbẹ̀ sì ń bọ̀ láti Kánádà. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n máa júwe fún dérébà, nítorí àlàfo tó wà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó múlé tì wá tóóró. Nígbà tí tírélà náà yà kúrò ní Route 5, mo sún sẹ́yìn. Orí rẹ̀ pupa, ó ga ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, ara rẹ̀ funfun, ó ń wọlé bọ̀, kò sì tán bọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ọkọ̀ náà dúró. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti ibi ìjókòó dérébà, ó wé ìborùn dúdú, ó wọ ṣòkòtò àti bàtà onírin. Ó wo fìlà orí mi, ó sì fi Yorùbá Ìbàdàn kí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti máa rí yín nínú mirror ni kẹ́ ẹ dúró sí. Tí mi ò bá ti rí yín, iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Mo sún síbi tó tọ́ka sí. Ó padà gòkè, ó yí sítíárìn sí òdì kejì ibi tó fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ lọ, odidi ilé tó ń rìn yẹn sì ń fẹ̀yìn wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró gbọnin sẹ́nu ọ̀nà wa láìkan ògiri. Àwọn àgbà mọ́sálásí tó jókòó síta dìde wò ó. Bàbá Ṣítù, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, rọra sọ pé Subuhánálláhì, wọ́n sì tún un sọ. Bí mo bá ní mi ò nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yẹn lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni mo pa.

Wúlẹ̀mọ̀tù ni orúkọ rẹ̀. Bó ṣe já kápẹ́ẹ̀tì tán ló lọ, mi ò sì lè la ẹnu mi bi í ju pé ṣé ó máa mu omi. Nígbà tí èrò rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́, mo lọ bá Túndùn. Nọ́ọ̀sì ni Túndùn, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, àdúgbò kan náà ni a sì ń gbé. Òun àti Wúlẹ̀mọ̀tù jọ gbé yàrá kan nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní èmi tí mi ò lè fi ẹ̀yìn Camry mi wọ gáréèjì láìkọlu agolo ìdọ̀tí, èmi náà ni mo fẹ́ fẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù. Ṣùgbọ́n ó gbà láti ṣe alárinà.

Ó padà wá jíṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Wúlẹ̀mọ̀tù ní òun ti rí irú mi rí. Ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya àwọn ọkùnrin lẹ́nu, bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní kí òun tà á. Ó ní kí Túndùn bi mí bóyá ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn àbí ẹni tó ń wà á.

Mo ní kí Túndùn sọ fún un pé mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan lára èkejì.

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kó gbà kí n wá kí òun níbi tó ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́bàá Upper Marlboro. Àwọn tó ń fẹ́ra wọn a máa jókòó nílé oúnjẹ. Lábẹ́ tírélà ni àwa bẹ̀rẹ̀. Ó fi irin ńlá róbótó tí orí ọkọ̀ fi ń gbá ara rẹ̀ mú hàn mí, mo sì rí i pé gbogbo ẹrù yẹn, irin kan tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ ló ń fà á. Ó fi hàn mí bí àwọn táyà ẹ̀yìn ṣe ń sún síwá sẹ́yìn, nítorí bí òfin Amẹ́ríkà ṣe pín ìwúwo lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ́ ni Kánádà ṣe pín in. Ó fi èdìdì hàn mí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa láti ibi tí wọ́n ti di ẹrù títí dé ibi tí wọ́n á ti já a. Òun fúnra rẹ̀ kò láṣẹ láti já èdìdì náà.

Ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìròyìn ló máa ń kó bọ̀ láti Ontario ní Kánádà fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Maryland. Wọ́n ká a bí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo ju màlúù lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní káàdì FAST, káàdì ìkọjá bọ́dà, nìkan ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ náà fún. Ìjọba méjèèjì ló tú u wò láti ilẹ̀ dé òkè kí wọ́n tó fún un ní káàdì yẹn. Ó fi ń gba ọ̀nà àwọn tí wọ́n fọkàn tán, àwọn yòókù á sì máa tò lórí afárá bọ́dà.

"Àṣìṣe kan ṣoṣo, wọ́n á gbà á," ló wí. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. "Ohun tó bá wà nínú ibí, èmi ni mo ni ín, mo mọ̀ ọ́n o, mi ò mọ̀ ọ́n o."

Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo wo ilẹ̀ láti òkè. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́yìn àga, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó fi ẹní ìkírun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ilẹ̀ tí mò ń kà lórí kọ̀ǹpútà ní Suitland, òun ti fi táyà tẹ̀ ẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ojú sì tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí kò ní eruku.

Ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo sọ fún ìyá mi. Alhaja ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ní Ìbàdàn, ọdún tó ṣáájú ni wọ́n fún wọn ní káàdì ìgbélùú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti rí ẹnì kan, wọ́n lọ dáná. Nígbà tí ọjọ́ tí Wúlẹ̀mọ̀tù máa wá kí wọn pé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ há sójú ọ̀nà ní Pennsylvania, ó sì di ọ̀sán kó tó dé Frederick. Ó pè mí níbẹ̀ pé wákàtí tí òfin fún òun láti wakọ̀ ti tán, ó di dandan kí òun sùn kí òun tó lè gbéra.

Kò yé ìyá mi rárá. Wọ́n ní Frederick tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ kan wọ̀, kí ló ń ṣe ní Frederick? Wọ́n bi mí bóyá ọlọ́pàá ló dúró tì í. Mo ní rárá, òun fúnra rẹ̀ ló dúró. Wọ́n ní òfin tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Mo bu oúnjẹ náà sínú kúlà, mo wakọ̀ lọ bá a. Inú ọkọ̀ la ti jẹun, oòrùn ń wọlé látojú gíláàsì. Ó jẹun bí ẹni tí ebi ti pa láti àná, lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá Alhaja ń bínú. Mo ní wọ́n ń bínú. Ó ní ọ̀pọ̀ dérébà ló ń parọ́ wákàtí wọn, wọ́n á ní àwọn sùn nígbà tí wọn ò sùn. Mo bi í pé kí ló dé tí òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó kéré tán lónìí tó jẹ́ pé ilé kù díẹ̀.

"Lọ́rì ni bàbá mi ń wà láti Ìbàdàn lọ sí Kánò," ló wí. "Ilé kù díẹ̀ fún àwọn náà. Oorun ló pa wọ́n, Jẹ̀lílì. Ọ̀jọ́ọ̀ ni wọ́n ti dé, wọ́n ti wọ Ìbàdàn."

Mo gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kí n dì í mú.

Nígbà tí Alhaja wá fojú kàn án, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi, wọ́n bi í léèrè ará ilé. Ó jáde tán ni wọ́n tó tú àpò ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ náà mọ̀wàá hù, wọn ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sùn lójú títì láàárín àwọn ọkùnrin, ta ló máa bá mi tọ́ ọmọ? Àti pé èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyàwó mi ń wa tírélà, kí ni kí àwọn wí fún àwọn ará Òkè-Àdó ní Ìbàdàn?

Mo jagun ọ̀rọ̀ náà títí. Ṣùgbọ́n ọkàn tèmi pàápàá kò balẹ̀. Bí mo bá wà ní Suitland tí mo gbọ́ pé yìnyín ń bọ́ ní Buffalo, níbi tó ti ń kọjá sí Kánádà, nọ́ńbà iwájú mi á dàrú mọ́ra wọn. Mo ń bi ara mi bóyá ọkùnrin tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ níbi iṣẹ́ nítorí ojú ọjọ́ ìlú mìíràn lè fẹ́ onítírélà. Mo sọ ìyẹn náà fún Wúlẹ̀mọ̀tù. Orí fóònù la wà.

"Mi ò ní ta ọkọ̀ yìí," ló wí. "Mi ò sì ní wọ ilé tí ìyá ilé ò bá tíì ní kí n wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an, má jẹ̀ẹ́ kó ṣe ọ́ bíi pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Àmọ́ Alhaja gbọ́dọ̀ gbà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa so rọ̀ sí. Àfi kí ìyá mi gbà.

Wúlẹ̀mọ̀tù kò yéé wá kí wọn. Bó bá ti fẹ́ gbéra lọ sí Kánádà, yóò gba ilé wa kọjá, yóò kúnlẹ̀, Alhaja á ní ó dàbọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2008, ó kó àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá fọ̀ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ wa, nítorí èyí tó wà níbi tó ń gbé ti bàjẹ́. Alhaja ló bá a ká wọn nígbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù ń kírun Àlàásárì nínú pálọ̀. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ aṣọ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ. Inú mi dùn, mo sì bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Wúlẹ̀mọ̀tù ò gbé fóònù mi mọ́. Mo pè, mo pè, ó sú mi. Mo lọ síbi tó ń gbé ọkọ̀ sí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa lọ. Túndùn ló wá rán sí mi. Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí pálọ̀, Alhaja wà ní kíṣìnnì, ó sì rọra ń sọ ọ́.

Ó ní nígbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ìwé, wọ́n bi í ní bọ́dà bóyá ó gbé ẹran tàbí nǹkan ẹlẹ́mìí kankan dání, ó ní rárá. Ajá wọn gun ọkọ̀, ó sì lọ jókòó ti ìdí ibùsùn. Wọ́n tú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù, èyí tó máa ń tọ́jú de òtútù líle, wọ́n bá ìgbín gbígbẹ nínú rẹ̀, èyí tí ẹnì kan fi nylon wé, tó tún fi bébà fàdákà wé. Ìgbín, èèwọ̀ ni fún wọn níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n gba káàdì FAST lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ni ìwé ti gbé iṣẹ́ wọn fún dérébà mìíràn.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ó parí," ni Túndùn wí. "Má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọwọ́ wọn ṣì ní gààrí.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fi ìgbín síbẹ̀."

Ìbínú gbé mi dìde. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni. Wọ́n ní oúnjẹ ni àwọn fún un. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ rí pé èrò ọ̀nà ń lọ sínú òtútù tí ènìyàn ò ní fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Ìgbín tí àwọn fúnra wọn gbé wá láti Ìbàdàn ni, èyí tó kù nínú rẹ̀, àwọn sì rò pé bó bá ti wá bùláńkẹ́ẹ̀tì yóò rí i, yóò sì fi jẹ ìrẹsì.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé e lé e lọ́wọ́?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Tí mo bá gbé e lé e lọ́wọ́, mo ti gbà á nìyẹn. Mi ò tíì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ti ń gbà."

Mo padà jókòó. Lẹ́yìn náà ni Túndùn sọ èyí tó kù. Ó ní wọ́n bi Wúlẹ̀mọ̀tù ní bọ́dà pé ta ló fi nǹkan náà síbẹ̀, ó ní òun ló ni ín. Ìyá mi bi í bóyá ọmọ náà mọ̀ nígbà yẹn pé àwọn ni. Túndùn ní ta ni ì bá tún jẹ́, ta ló bá a ká aṣọ? Ó mọ̀.

"Ó mọ̀," ni ìyá mi wí, "ó sì dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, mà."

Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì. Mo ti rí ìyá mi nínú ọ̀fọ̀, mo ti rí wọn nínú àìsàn, n kò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n máa dìde, wọ́n ní kí Túndùn mú àwọn lọ bá ọmọ náà, kí n má tẹ̀ lé àwọn.

Túndùn ló ròyìn fún mi. Ó ní Wúlẹ̀mọ̀tù ń yẹ táyà wò nígbà tí àwọn dé. Ìyá mi kò kí i, wọn ò ṣàlàyé, orúnkún ni wọ́n fẹ́ fi kanlẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù sì ti sáré dì wọ́n mú kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀. Ó ní kí àgbà má kúnlẹ̀ fún òun, kó má di èpè. Àwọn méjèèjì jọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Alhaja ní kó mú àwọn lọ síbi tí wọ́n ti gba káàdì, kí àwọn fẹnu ara àwọn sọ ọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù ní kò ní yí nǹkan kan padà. Wọ́n ní ó lè má yí i padà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ èmi Jẹ̀lílì kò sí nínú rẹ̀, kí Alhaja má fi dá ara wọn lọ́kàn le.

Ó ti rí ẹrù mìíràn gbé, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tó ń lọ sí Hamilton ní Kánádà, ẹrù tí kò kánjú. Dérébà kò gbọ́dọ̀ gbé èrò láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ kọ̀wé fún un, ẹnì kan péré ni wọ́n sì kọ̀wé fún. Bó ṣe di pé mo fi Camry tẹ̀ lé wọn nìyẹn.

Ìrìnàjò yẹn kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Láti ìgbà tí oòrùn là ni a ti ń gòkè Pennsylvania, òkè lẹ́yìn òkè, yìnyín bo gbogbo rẹ̀, odò sì ń ṣàn láàárín wọn láìbìkítà. Ìdí tírélà ni mò ń wò ní gbogbo ọ̀nà. Ìyá mi, tí wọn kì í gba ìdúró bọ́ọ̀sì kọjá láìka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà wọn, ni wọ́n jókòó síwájú ohun ńlá yẹn. Ibi tí a kọ́kọ́ ti dúró, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ibi kejì, wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé igi ló fi ń lu táyà láti gbọ́ èyí tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó máa fi di pé à ń sún mọ́ Buffalo, tí àwọn fáànù onírin gàgàrà tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná yọ létí adágún, ìyá mi di apá mi mú níbi tí a ti ń ra tíì.

"Jẹ̀lílì, a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan," ni wọ́n wí, "mo rí ìsàlẹ̀, mo ní ikú dé. Ọmọ yẹn ò tẹ bíréèkì. Ó ń fi gíà bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà sì ń gbọ́. Ọlọ́run tó dá ènìyàn tóbi."

Obìnrin olójú rírọ̀ kan ló dá wa lóhùn ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè. Alhaja gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, mo túmọ̀ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n gé nǹkan kan kúrò. Wọ́n ní kí n sọ pé bí ìyà bá wà, àwọn ni kó jẹ. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó sì sọ pé òfin kò yí padà, ohun tó bá wà nínú ọkọ̀, dérébà ló ni ín. Yóò kọ ohun tí Alhaja sọ sílẹ̀, àwọn ọ̀gá á sì tún un wò, ṣùgbọ́n kí a má gbé ọkàn lé e. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Wúlẹ̀mọ̀tù, ó ní kí ló dé tí kò sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà.

"Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òtítọ́ ni mo sọ," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. "Nígbà tẹ́ ẹ rí i, mo ní tèmi ni. Òfin ló ní tèmi ni. Orúkọ àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbélùú ò sí lára ohun tí òfin ní kí n sọ."

Obìnrin náà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán, pé èmi àti Alhaja á yí padà. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá Wúlẹ̀mọ̀tù tò lórí afárá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí ìgbín àwọn dá sílẹ̀. Káàdì ìgbélùú wọn wà lọ́wọ́ wọn, òfin gbà wọ́n láàyè, wọ́n sì gun ọkọ̀ padà láìní kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà àwọn mọ́tò kéékèèké yá, mo sì ti dé òdì kejì odò kó tó pẹ́. Mo dúró síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nílẹ̀ Kánádà, mo wo ẹ̀yìn. Afárá náà tẹ̀ kọdọrọ lórí omi, tírélà tò lórí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ wọn, yìnyín adágún ń já wá ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, odò ń gbé e lọ pẹ̀lú agbára tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tó ní káàdì ń kọjá fìrì lọ́nà tiwọn. Orí pupa kan ṣoṣo wà láàárín àwọn tó ń tò, àwọn obìnrin méjì tí mo fẹ́ràn jù láyé wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí Wúlẹ̀mọ̀tù bá já ẹrù yìí tán tó sì kí mi pé ó dàbọ̀, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Òtútù wọ̀ mí dé eegun, síbẹ̀ mi ò lè jókòó sínú mọ́tò.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúró sókè, ó ń to àwọn ìwé rẹ̀. Ìyá mi fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Wọ́n wá dúró níwájú mi, imú wọn ti pupa.

"Jẹ̀lílì, ọkùnrin inú ilé gíláàsì yẹn bi í pé kí ni mo jẹ́ sí i," ni wọ́n wí. "Èmi bojú wo ìta ní tèmi. Mo ní ohunkóhun tó bá pè mí, ó tọ́ sí mi."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ìyá ọkọ òun ni mí."

Mo gbójú sókè wo ibi ìjókòó dérébà. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ọkùnrin náà wo ìwé mi, ó wò mí. Ó ní ọkọ rẹ̀ wá dà."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó ní o ti kọjá síwájú, pé ò ń dúró dè wá."

Wọ́n yíjú wo òkè, níbi tí Wúlẹ̀mọ̀tù ṣì ń to ìwé tí kò tò tán, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ yẹn kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí àwọn kọjá.

Mo ní rárá, Mọ̀mí. Wúlẹ̀mọ̀tù kì í parọ́ ní bọ́dà.